Mo Kọ Àìsàn Ọkọ̀ Wa Sílẹ̀ Kó Tó Ṣe É

Ẹ jọ̀wọ́, bí nọ́ọ̀sì kan bá jókòó ti ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣí ojú ìwé yìí kúrò níwájú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dá mi mọ̀. Àwọn tó ti dá mi mọ̀ ti pọ̀ jù.

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi sì ni Mátírọ̀n wọ́ọ̀dù àwọn tó kán lẹ́sẹ̀. Orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń pè mí lẹ́yìn ni Kọ-ọ́-sílẹ̀, torí kò sí ohun tí wọ́n máa sọ fún mi tí mi ò ní béèrè pé, "Ṣé o ti kọ ọ́ sílẹ̀?" Bí aláìsàn bá sín ní wọ́ọ̀dù mi, mo fẹ́ rí aago tó sín nínú ìwé.

Ọkọ mi fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni mo ń pè é. Ẹ̀rí ni Tíṣà máa ń béèrè lórí ohun gbogbo. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, ó parí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àràárọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n fún un, tí mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ohun tí mo bá kọ ló sì fi ń mọ̀ bóyá hóró oògùn kan ni òun máa lò tàbí méjì. Kì í wo ojú ẹ̀rọ náà rárá. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ohun tí ìyàwó mi bá kọ, mo gbà á gbọ́ ju ohun tí ojú mi rí lọ."

Ohun tí mo fẹ́ẹ̀ bà jẹ́ nìyẹn, nítorí àga ọkọ̀.

Ọkọ̀ wa ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Arúgbó là ń pè é. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì la fi ń gbé gíláàsì apá ọ̀tún sókè, bó bá sì ti gòkè, kì í fẹ́ sọ̀ mọ́. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí láti inú, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á máa kan gíláàsì títí ẹni rere kan á fi wá tú u sílẹ̀. Bí a bá tẹ fèrè, wáípà ló ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kò dá wa dúró sójú ọ̀nà rí, ká sọ tòótọ́.

Lọ́jọ́ kan ni Mátírọ̀n wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún, ọ̀rẹ́ mi, gbé ọkọ̀ tuntun wá síbi iṣẹ́, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Arúgbó. Ọkọ̀ ọlọ́lá ni. Ó dúdú, ó ń dán, ara rẹ̀ ni mo ti rí i pé fìlà iṣẹ́ mi wọ́.

"Wọlé, jókòó díẹ̀," ó ní.

Mo wọlé. Ìlẹ̀kùn pa ara rẹ̀ dé jẹ́jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tẹ nǹkan kan, àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀díẹ̀. Ó tún tẹ òmíràn, àga náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra mí lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo ti ń gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ sókè láti ìgbà èwe mi! Kò sẹ́ni tó ra mí lẹ́yìn rí. Omi bọ́ lójú mi.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?" ọ̀rẹ́ mi béèrè.

"Ara dá mi," mo ní. "Tilẹ̀kùn."

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ni mo lò nínú ọkọ̀ yẹn. Aláìsàn mẹ́ta ló ti ń pè mí nínú wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo pàpà wọ inú Arúgbó lọ sílé, irin àga rẹ̀ kan gún mi nídìí, mo sì sọ fún un pé, "Ìwọ àti èmi ti parí."

Nígbà tí mo délé, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ọkọ mi.

"Tíṣà, àìsàn Arúgbó ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ra irú ti ọ̀rẹ́ mi."

"Àìsàn wo ló ń ṣe é?"

"Oríṣiríṣi."

"Oríṣiríṣi kì í ṣe nọ́ńbà, Mátírọ̀n."

Owó kọ́ ni ìṣòro wa, ó wà nílẹ̀. Ẹ̀rí ni Tíṣà fẹ́. Ó wá ìwé kan, ó fi rúlà fa ilà sí i: ọjọ́, aago, àìsàn. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwọ lò ń wà á lọ síbi iṣẹ́, ìwọ ni kó o máa kọ ọ́. Bó bá ṣàìsàn nígbà mẹ́wàá, a ra tuntun. Bí kò bá pé mẹ́wàá, a ò ní sọ ọ́ mọ́."

"Ẹ ò ní fa ilà fún ẹlẹ́rìí?" mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dà rú. "Ẹlẹ́rìí wo? Ṣebí ìwọ lo fẹ́ kọ ọ́?"

Ó fi ìwé náà sínú àpótí kékeré tó wà níwájú ọkọ̀, ó pa á dé, ó sì gbá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ kó má baà ṣí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, láti ọjọ́ yẹn ni Arúgbó ti di ọmọlúàbí. Ẹ mọ bí aláìsàn ṣe máa ń wú ikọ́ láti òru mọ́jú, tí á wá dákẹ́ nígbà tí dókítà bá dé? Bó ṣe ṣe nìyẹn. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ti di fún ọdún mẹ́fà ń ṣí fúnra rẹ̀. Mo tẹ fèrè, fèrè dún! Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo fọn ọ́n sí.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrìnlá, àìsàn méjì péré ni mo rí kọ. Ọ̀kan nínú wọn, táyà ló jò nítorí ìṣó, Tíṣà sì fi bírò pupa fa ilà kọjá lórí rẹ̀.

"Ìṣó ló ṣẹ̀," ó ní. "Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan."

Bó ṣe ku ẹyọ kan nìyẹn. Èṣù wá gbé àga wá, ó jókòó tì mí, ó sì ń ra mí lẹ́yìn.

Irọ́ àkọ́kọ́ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Nígbà tó di alẹ́, Tíṣà kà á, ó mí kanlẹ̀, ó jáde lọ, mo sì rí i láti ojú fèrèsé tó ń fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì Arúgbó lórí. Àánú ṣe mí díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ́ pé, "Ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná, kò fẹ́ gba epo." Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ẹni kì í fini sílẹ̀? Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ pé kò jẹun.

Tíṣà pe mẹkáníìkì wá. Bàbá náà wọ abẹ́ Arúgbó, ó wà níbẹ̀ pẹ́, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Mátírọ̀n, ọkọ̀ yìí le ju èmi gan-an lọ."

"Bàbá, àìsàn tó ń ṣe é kì í fẹ́ kí wọ́n rí i," mo dá a lóhùn.

"Irú àìsàn wo nìyẹn?"

Tíṣà ló bá mi gbà á sọ. "Ó wà nínú ìwé, Bàbá. Ìyàwó mi ló kọ ọ́." Mẹkáníìkì wojú mi, mo bojú wo táyà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Àìsàn kan wà tó ń ṣe àwa nọ́ọ̀sì. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, òmíràn á jókòó ní aago méjìlá, á ti kọ ìgbóná ara aago méjì sílẹ̀ dè é. Ṣebí ẹni tí ara rẹ̀ ò gbóná láàárọ̀, kí ló máa mú un gbóná lọ́sàn-án? Mo mú ọmọbìnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ara aláìsàn kan tutù ní aago méjì, ẹni náà sì wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun rẹ̀ ní aago méjì yẹn.

Mo pe gbogbo wọ́ọ̀dù jọ. "Wòlíì ni ẹ́?" mo bi í. "Ṣé ìran lo rí? Èèyàn ló ń kú nídìí irú nǹkan báyìí! Ẹni tó bá lè kọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, irọ́ wo ni kò lè pa?" Ó ń sunkún. Mo ní kó máa dá gbé póò àwọn aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ yẹn, Wòlíì ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ wọ́ọ̀dù wò ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn. Àìsàn méje ló wà nínú ìwé Arúgbó. Ó ku mẹ́ta. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé bírò, mo kọ ti Ọjọ́rú, mo kọ ti Ọjọ́bọ̀, mo kọ ti ọjọ́ Ẹtì. Ó pé mẹ́wàá. Mo dá ìwé padà sínú àpótí, mo sọ fún Tíṣà pé kó dúró di òpin ọ̀sẹ̀ kó tó kà á, kó lè rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní kò burú.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí agogo méjìlá ṣe ń kọjá, Tíṣà yọ sí wọ́ọ̀dù.

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Àǹtí Àgbà ti dé ibùdókọ̀, mo fẹ́ lọ gbé wọn."

Àǹtí Àgbà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn ọ̀gá ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, orí mi ò sí níbì kan. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, mo tún ní, "Ẹ rọra o."

Ìgbà tí àwọn ọ̀gá lọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi símẹ́ńtì funfun tí a fi ń di eegun di ẹsẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tó já bọ́ láti orí òrùlé. Ọwọ́ mi méjèèjì funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mo gbójú sókè wo aago ògiri. Ó ti kọjá aago kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Aago kan. Ọjọ́bọ̀. Yéè!

"Wòlíì! Mú fóònù mi! Pe Tíṣà! Mi ò lè fọwọ́ kàn án, tẹ̀ ẹ́ sí sípíkà!"

Ọmọbìnrin náà gbé póò sílẹ̀, ó pè é, ó sì na fóònù sí mi lẹ́nu. Àǹtí Àgbà ló gbé e.

"Ìyàwó wa! Àbúrò mi ń wakọ̀, mò ń gbé fóònù dání fún un."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣí àpótí iwájú yẹn o."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Eku, mà."

"Eku kẹ̀? Mo ti ṣí i tipẹ́. Ooru ń mú mi, gíláàsì yín ò sọ̀, ìwé kan ni mo rí níbẹ̀ tí mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn sára."

"Ẹ máa fẹ́ ẹ lọ, mà! Ẹ má ṣí i ni!"

Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ìró bébà.

"Èyí mà kún fún àìsàn," Àǹtí Àgbà ní. "Ta ló ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú yìí? 'Ọjọ́bọ̀, aago kan àbọ̀ ọ̀sán. Ọkọ̀ kú sí oríta ilé-ìwé. Èéfín yọ. Ọkùnrin mẹ́ta bá mi tì í. Mo sunkún.'"

Ní wọ́ọ̀dù náà, ẹni tó ń jẹ bísíkíìtì dẹ́nu dúró.

"Àbúrò, ṣebí òní ni Ọjọ́bọ̀?"

Mo gbọ́ ohùn Tíṣà. "Òní ni."

"Kí ni aago wí?"

"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún."

"Ibo la wà yìí?"

Tíṣà ní, "Oríta ilé-ìwé."

"Dúró! Dúró kí n sọ̀! Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kó kú!"

Mo gbọ́ bíréèkì, mo gbọ́ ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ bàtà Àǹtí Àgbà tó ń sáré lórí ọ̀dà. Tíṣà ló wá gba fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Mátírọ̀n, má pa fóònù. A máa dúró dé aago kan àbọ̀, ká wò ó."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ó ti wà nínú ìwé. Mi ò pa ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ ká dúró."

Ẹ̀yin ará, ẹ ò mọ bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ṣe gùn tó. Mo fẹ́ sá jáde, mi ò lè sá. Símẹ́ńtì ti gbẹ! Ọwọ́ ọ̀tún mi àti ẹsẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ti di ọ̀kan. Mo fà á, ọkùnrin náà kígbe.

"Mátírọ̀n, ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Èmi náà fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa parí."

Láti inú fóònù, mo ń gbọ́ Àǹtí Àgbà lẹ́bàá títì. "Ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́ta yẹn! Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin! Ẹ má lọ jìnnà o, wọ́n máa nílò yín láìpẹ́!" Àwọn yẹn béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Kò tíì ṣẹlẹ̀," Àǹtí Àgbà ní. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Wọ́n dúró lóòótọ́. Èèyàn ò ní iṣẹ́ ṣe láyé yìí.

Nígbà tó ṣe, Tíṣà ní, "Aago kan àbọ̀ ti lù. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́."

"Èéfín ńkọ́?" Àǹtí Àgbà béèrè.

"Kò sí."

"Ọkùnrin mẹ́ta wà níbí. Ẹkún ńkọ́?"

Wòlíì wo ojú mi, ó tẹ orí ba fóònù.

"Wọ́n ń sunkún, mà," ó ní.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ nínú ohun tí mo kọ sí Ọjọ́bọ̀ yẹn nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń mi ọwọ́ mi. Ó ní, "Wòlíì ti di méjì ní wọ́ọ̀dù yìí o!" Àwọn tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ wọn kọ́ ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì ń mì jìgìjìgì. Wòlíì ò rẹ́rìn-ín. Ó wá sísọ́ọ̀sì, ó ń gé símẹ́ńtì kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo gba iṣẹ́ póò lọ́wọ́ rẹ̀, èmi fúnra mi gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ lọ.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí Àgbà ti sùn. Tíṣà jókòó sídìí tábìlì, ìwé Arúgbó wà níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan ikọ́ ẹ́ńjìnnì. Kò pariwo. Mo ti ń retí ariwo, ǹ bá gbádùn rẹ̀.

"Ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru mi ńkọ́?" ó béèrè.

"Tíṣà! Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Mo fi ọmọ búra."

"Báwo ni màá ṣe mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Oògùn tó ń gbé e ró, ọwọ́ mi tó ń kọ̀wé yìí ló gbà á gbọ́ nídìí rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ kan náà pa irọ́ mọ́ ọkọ̀.

Ó pa ìwé Arúgbó dé. "Kí lo tilẹ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ yẹn ṣe?"

"Àga rẹ̀ ni," mo ní. "Ẹ̀yìn ń dùn mí, Tíṣà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń dùn mí."

Ó gbé ìwé náà sókè, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Kí ló dé tó ò kọ ìyẹn síbẹ̀? Ìyẹn nìkan ì bá tó."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ṣe ìdájọ́ bí tíṣà. Ó ní ẹni tó bá kọ èsì kí ìdánwò tó wáyé, wọ́n máa ń fagi lé ìdánwò rẹ̀ ni, ọdún kan ni á sì fi dúró kó tó tún un ṣe. Ó ra tìmùtìmù kan tó le sí àga Arúgbó fún ẹ̀yìn mi, ó sì gba bírò lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tán, á wọ awò ojú, á yí ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á ka nọ́ńbà náà, á sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Oṣù márùn-ún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni ojú ń tì mí lákọ̀tun.

Ẹ̀yin tí ojú yín ti wọ nǹkan olówó iyebíye kan, ẹ lọ sọ òótọ́ ohun tó ń dùn yín fún ẹni tó fẹ́ràn yín. Ẹ má ṣe wá ẹ̀sùn sí ọkọ̀ lẹ́sẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, Tíṣà na apá rẹ̀ sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo fi ìgbànú ẹ̀rọ náà wé e, ó fẹ̀, ó sọ̀, ó dún. Mo yí ojú rẹ̀ sí i, mo sì ń wá awò rẹ̀ kiri.

Ojú fèrèsé ló ń wò. Ó fi ọwọ́ kejì ti ìwé àti bírò sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ ò ní kà á ni?" mo bi í.

"Kọ ọ́," ó ní.

Mo wo nọ́ńbà náà, mo wo aago lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́.